Ọwọ́ Òsì Bàbá Mi àti Gègé Jàpáànù

Nílé wa ní Ọ̀mù-Àrán, o lè wọ bàtà bàbá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, o sì lè gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé Arandun, ṣùgbọ́n má dán an wò pé o fẹ́ yá gègé rẹ̀. Ó máa ń sọ pé níìbù, irin ṣóńṣó tó wà lẹ́nu gègé, a máa mọ ọwọ́ ẹni tó ń lò ó, bí ajá ṣe ń mọ ẹni tó ń bọ́ ọ. Bí ọwọ́ àlejò bá dé ibẹ̀, ó bàjẹ́ nìyẹn. Àwa ọmọ gbà á gbọ́ bí a ṣe gba Bíbélì gbọ́.

Mẹ́ta ni gègé náà, ará Jàpáànù ni gbogbo wọn. Àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté l'Ékòó ló ń rà wọ́n fún un, láti ìgbà tí a ti gba òmìnira. Bàbá Èkó ni gbogbo wa ń pè é, nítorí kò lè sọ gbólóhùn méjì kó má fi Èkó sí i.

Olùkọ́ ni bàbá mi ní iléèwé mísọ́ọ̀nù, òun náà ló sì ń darí ẹgbẹ́ akọrin. Gègé tó tín-ín-rín ló fi ń kọ rẹ́jísítà. Ó ní àwọn ará Jàpáànù a máa fa ìlà púpọ̀ láti kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tí tín-ín-rín tiwọn fi tín-ín-rín ju ti òyìnbó lọ. Níìbù ti èkejì rọ̀: tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ìlà á fẹ̀, gbé ọwọ́ fúyẹ́, ìlà á tún tín-ín-rín. Ẹ̀kẹta ni èmi fẹ́ràn jù. Ẹnu rẹ̀ là sí mẹ́ta, nítorí àwọn tó ń kọ àmì orin ni wọ́n ṣe é fún. Bí bàbá mi bá fà á wálẹ̀, ìlà á sanra. Bí ó bá fà á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á rí bí irun.

Lọ́dún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, tí a bọ́ lábẹ́ Àríwá, bàbá mi jó nínú pálọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kì í ṣe oníjó. Ó ní gègé olórin yẹn lòun máa fi kọ orúkọ ìpínlẹ̀ tuntun sórí ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ tó ń jáde.

Kò kọ ọ́. Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, níbi tó ti ń wọṣọ, ẹ̀gbà dá a wólẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ń já ní ìdajì.

Nígbà tó lè jókòó, ó ní ká gbé gègé òun wá. Ó fi ọwọ́ òsì mú un. Ti tín-ín-rín fa ìwé ya, nítorí ọwọ́ ọ̀tún ń fa níìbù ni, ọwọ́ òsì ń tì í. Ẹnu èyí tó rọ̀ wọ́. Gègé olórin kàn ń tu yíǹkì ká. Bàbá mi sunkún lójú wa. N kò rí i kó sunkún rí, ó sì dùn mí wọ egungun.

Ìyá mi ní, "Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ṣebí òun náà ló kọ́ wa pé níìbù a máa mọ ọwọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni gègé wọ̀nyí mọ̀. Ẹ bá a wá èyí tí yóò mọ ti òsì."

Gbogbo ilé gbà bẹ́ẹ̀. Èmi, tí mo ti di olùkọ́ ní Arandun nígbà náà, ni mo gbà á jù. Mo ránṣẹ́ sí Bàbá Èkó pé kó wá níìbù tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sì yí roboto, tí kò ní bu ìwé jẹ bí wọ́n bá tilẹ̀ ń tì í. Ogun ti bẹ̀rẹ̀, ọjà ò wọlé dáadáa mọ́. Ọjọ́ Àjíǹde ló tó gbé e dé.

Mo rọ yíǹkì sí i, ṣùgbọ́n n kò dán an wò. Ọwọ́ bàbá mi ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀. Ìyá mi tẹ́ ìwé síwájú rẹ̀, a dúró yí i ká.

Gègé náà dára. Kò fa ìwé ya, kò tu yíǹkì. Ó ń yọ̀ lọ geere, ìlà rẹ̀ dán, ó yípo, ó tún yípo. Bàbá mi dá ọwọ́ dúró. Ó wo ìwé náà pẹ́ títí, ó wá gbójú sókè wò mí.

"Báwo... báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́?"

"Kí ni, Bàbá?"

"Orúkọ mi."

Bàbá Èkó pàápàá kò rí Èkó kankan sọ. Oṣù púpọ̀ ni a fi ń bá níìbù jà, níìbù ò sì ṣe wá ní nǹkan kan.

Mo kúnlẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú bí a ṣe ń di ọwọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní mú, mo ní ká jọ kọ ọ́. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀. Ó fi gègé náà sí àtẹ́lẹwọ́ mi, bàbá mi tí kì í yá ẹnikẹ́ni ní gègé, ó sì pa ìka mi dé lé e lórí.

Mo bú sẹ́kún. Ọwọ́ òsì yẹn náà ló fi nu omi ojú mi nù. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìnkùlé, tí mo bojú wo inú garawa omi, mo rí yíǹkì ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. N kò fọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.