Irin Afárá Wa Tí Mo Lọ Gbà Ní Mọ́níyà

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni mo jáde nílé ní Agbowó, lẹ́tà ojú ìwé mẹ́ta tí mo kọ sí ìjọba ìbílẹ̀ wà nínú báàgì mi, inú sì ń bí mi. Nígbà tí wọ́n tú afárá onírin àdúgbò wa láti fi kọnkéré kọ́ òmíràn, wọ́n ṣèlérí pé àwa onílé la máa kó irin àtijọ́ náà, kí a fi ṣe géètì sẹ́nu ọ̀nà. A dúró títí, irin ò dé. Ìgbà tí a wá gbọ́ pé ó wà lẹ́yìn Mọ́níyà, lórí ojú irin rélùwéè, ẹgbẹ́ onílé ní kí n lọ gbà á wá.

Takisí tí mo wọ̀ kó èèyàn méjì síwájú, yàtọ̀ sí dírẹ́bà: ẹ̀sùn kìíní. Okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn ẹ̀yìn: ẹ̀sùn kejì. Mo kọ méjèèjì sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé nọ́ńbà mọ́tò mi lẹ ń kọ?"

"Òun ni."

"Ẹ kọ ọ́ dáadáa o. Eéje ló gbẹ̀yìn, ẹ má lọ kọ oókan."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo gbé e mì.

Títì dán títí dé Mọ́níyà. Àkàrà tí mo rà níbẹ̀ tóbi ju ti Agbowó lọ, ó sì gbóná; mi ò rí ẹ̀sùn kankan kọ nípa rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kadà gbé mi gba ọ̀nà eléruku láàárín oko ẹ̀gẹ́.

Mo rí irin wa lókèèrè. Nígbà tí wẹ́dà ń tú u, ó fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára irin kọ̀ọ̀kan kí títò rẹ̀ má bàa dàrú, mo sì ya fọ́tò gbogbo wọn. Mo fi fọ́tò wé e. Méjìlá pé nínú mẹ́rìnlá. Nọ́ńbà kẹtàlá àti ìkẹrìnlá ò sí níbẹ̀. Wọ́n ti to méjìlá náà rékọjá lókè ojú irin, wọ́n so àtẹ̀gùn mọ́ ọn níhà méjèèjì kí àwọn àgbẹ̀ lè máa fẹsẹ̀ gbà á. Àwọn Hausa tó ń ra ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ ń pè é ní gádà, ìyẹn afárá lédè wọn, gbogbo abúlé sì ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wọ́n tún gbé bọ́ọ̀dù ìkìlọ̀ tó wà lẹ́nu afárá wa tẹ́lẹ̀ wá: mọ́tò tó bá ju tọ́ọ̀nù márùn-ún lọ kò gbọdọ̀ kọjá. Lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀!

Obìnrin sísanra kan gbé abọ́ ẹ̀gẹ́ bọ̀. Èkejì rẹ̀ pariwo láti ẹ̀yìn:

"Ìyá Ràfíù, ẹ ka bọ́ọ̀dù yẹn o! Ẹ ó wó afárá fún wa!"

"Ẹnu ẹ! Tó bá máa wó, orí ẹ ni mo máa já lé." Ó yíjú sí mi. "Bàbá, fọ́tò kí lẹ ń yà?"

Mo ní irin wa ni mo wá gbà.

"Kí ẹ fi ṣe kí ni?"

"Géètì."

Ó nawọ́ sí ojú irin. "Rélùwéè ẹlẹ́rù máa ń dúró síbí di ọ̀sán. Abẹ́ rẹ̀ la máa ń rá kọjá tẹ́lẹ̀, tàwa tẹrù. Bí ẹ bá kó o lọ, ẹ̀yin náà ẹ wá bá wa rá."

Mo tẹ̀ lé e gun òkè. Ní àárín afárá, mo na ọwọ́ òsì láti di nǹkan mú, òfìfo ni mo bá. Ọ̀tún nìkan ló ní irin ìdìmú. Apá òsì yìí ni nọ́ńbà kẹtàlá àti ìkẹrìnlá ì bá wà.

Ọ̀sán ni mo padà délé. Alága onílé, Dádì Tọ́pẹ́, ti ń dúró.

"Géètì wa ńkọ́?"

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀.

"Ẹ ti wá dárí jì wọ́n nìyẹn?"

"Dárí jì wọ́n kẹ̀!"

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé ó yẹ kí n ti fojú rí ibi tí ẹrù wa wà kí n tó kọ lẹ́tà. Mo fa igi lé ìlà tó ní kí wọ́n dá irin padà. Mo kọ òmíràn: kí wọ́n wá nọ́ńbà kẹtàlá àti ìkẹrìnlá jáde ní kíá, kí wọ́n lọ fi wọ́n síbi tó yẹ ní apá òsì afárá abúlé náà.

Dádì Tọ́pẹ́ kà á, ó mí kanlẹ̀. "Ẹ fi kún un pé àwa la ní kó máa wà lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé náà," ó ní, ó sì gba báírò lọ́wọ́ mi, ó buwọ́ lù ú.