Ọ̀yà tí Màmá Gbé Wọ Ilé Bàbá Wa

Títí di òní olónìí, bí mo bá gba ọ̀nà Ìjan kọjá tí òórùn ẹran ìgbẹ́ yíyan bá gbá mi nímú, àyà mi máa ń já. Àwọn tá a jọ wà nínú mọ́tò á máa dá itọ́ mì, wọ́n á ní kí dẹ́rẹ́bà dúró káwọn ná an. Èmi á yára yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣẹlẹ̀, mo sì rò nígbà náà pé kò sóhun tí mi ò mọ̀ láyé.

Àbíjáàn ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Adó-Èkìtì ni bàbá mi, ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀ ni màmá mi. Bàbá bínú kúrò nílé nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ kan tó wà láàárín òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò sọ ìdí rẹ̀ fún wa rí, kò sì kọ̀wé sílé mọ́. Síbẹ̀, ó kọ́ àwa ọmọ rẹ̀ lédè Èkìtì bí ẹni pé ọ̀la la ó padà, Màmá nìkan ni kò gbọ́ ọ. "Ulé" lèmi ń pe ilé kí n tó mọ̀ pé báwọn ẹlòmíràn ṣe ń pè é yàtọ̀. Nígbà tí ogun dé àdúgbò wa, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn àlejò láti ojúlé dé ojúlé, Bàbá kó Màmá, èmi, àbúrò mi obìnrin àti ọmọ ọwọ́ sínú bọ́ọ̀sì. Ó ní òun fẹ́ padà lọ mú ìyá Màmá, arúgbó tí kò lè rìn dáadáa. "Ẹ máa lọ. Òkè-Ìlá l'Adó ni kẹ́ ẹ béèrè. Mò ń bọ̀ lẹ́yìn yín." Ohun tó sọ gbẹ̀yìn nìyẹn.

Orílẹ̀-èdè mẹ́ta la là kọjá ká tó dé Nàìjíríà. Mi ò lè sọ iye ọjọ́ tó gbà wá, nítorí ẹ̀rù kì í jẹ́ kéèyàn ka ọjọ́. Ohun tí mo rántí ni pé gbogbo ibi tí bọ́ọ̀sì bá ti dúró ni Màmá ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti wo ẹ̀yìn, bóyá á rí ọkọ̀ mìíràn tó ń bọ̀. Fóònù Bàbá kò lọ mọ́. Ní bọ́dà kan tí gbogbo èèyàn ti ń sáré, tí wọ́n ń ti ara wọn, àpò tí fọ́tò wa àti ìwé ìgbéyàwó wà nínú rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, a ò sì rí i mọ́. Èmi ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́, torí mo ti ń fọ́nnu pé mo ti dàgbà. Màmá kò nà mí. Ó kàn wò mí, ó pọn ọmọ, ó ní ká máa lọ. Ì bá sàn kó nà mí.

Ní Òkè-Ìlá, a béèrè títí a fi dé ilé náà. Ẹ̀gbọ́n Bàbá jáde sí wa, ọkùnrin gíga kan tó ti hewú, ìyàwó rẹ̀ tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà sì tẹ̀ lé e. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ẹni tá a jẹ́. Ojú bàbá náà kò rọ̀ rárá. Ó béèrè fọ́tò, kò sí. Ó béèrè ìwé, kò sí. Ó ní ẹnìkan ti wá rí tó ní àbúrò òun ló rán òun, wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n di ẹrù fún un, wọn ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. "Èdè wa tó ò ń sọ yìí, àwọn ọmọ Èkìtì kún Àbíjáàn fọ́fọ́, ẹnikẹ́ni ló lè kọ́ ọ. Àbúrò mi wà níbi tó wà, ó ń jayé orí rẹ̀. Kò níyàwó kankan tí mo mọ̀." Ó ní ká padà wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kí ẹbí jókòó lé e lórí. Bí ẹbí bá láwọn ò mọ̀ wá, ká wá ibòmíràn gbà. Ibòmíràn wo? Gbogbo ohun tá a ní láyé kò ju ohun tó wà lọ́rùn wa lọ.

Olùkọ́ ìjọ Àgùdà kan tó wà nítòsí ló ṣàánú wa, ó fún wa níbì kan sùn sí nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ọjọ́ kejì ni Màmá ti ń bá àwọn obìnrin kan lọ sí Ìjan, ó ń bá wọn bó ẹ̀gẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Ìka rẹ̀ bó, kò ráhùn. Ọkàn rẹ̀ wà lórí ọjọ́ Sọ́ńdè. Ní ilẹ̀ tiwọn, obìnrin kì í lọ kí ará ilé ọkọ lọ́wọ́ òfo, ẹ̀bùn tó sì níyì jù lọ́dọ̀ wọn ni ẹran ọ̀yà. Lọ́jọ́ Sátidé tí mo bá a lọ, bá a ṣe ń bọ̀, ó rí ọdẹ kan lẹ́bàá ọ̀nà tó fi odindi ọ̀yà yíyan kọ́ sórí igi. Ó kó gbogbo owó iṣẹ́ rẹ̀ lé ọdẹ lọ́wọ́. A gun ọ̀kadà padà sí Adó, ọ̀yà wà lórí itan mi, inú mi ń dùn ṣìnkìn.

Mo kúkú mọ̀ pé Bàbá kì í jẹ ọ̀yà. Kì í tilẹ̀ jẹ́ kó wọlé wa. Màmá máa ń sọ pé òun sè é lẹ́ẹ̀kan nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, Bàbá sì gbé ìkòkò jáde tọbẹ̀ tọbẹ̀. Ó ní bóun bá jẹ ọ̀yà, ètè òun máa ń wú. Ọ̀rọ̀ yẹn sọ sí mi lọ́kàn lórí ọ̀kadà, mo sì dá ara mi lóhùn pé ètè Bàbá ló ń wú, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọgbọ́n ọmọdé! Àlejò lójú, kò fi ríran.

Lẹ́yìn Mísà lọ́jọ́ kejì, a bá àwọn àgbà ilé níbi tí wọ́n ti jókòó yí pálọ̀ ká. Màmá kúnlẹ̀, ó gbé abọ́ síwájú ẹ̀gbọ́n Bàbá, ó ṣí aṣọ tó fi bò ó. Háà! Ilé dà rú. "Ẹ gbé e jáde! Ẹ gbé e jáde!" Àwọn obìnrin gbá ọmọ wọn mọ́ra, àwọn ọkùnrin fò dìde. Èèwọ̀ ilé náà ni ọ̀yà, láti ìgbà ìwáṣẹ̀ sì ni, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà wọn. Ẹ̀gbọ́n Bàbá nawọ́ sí abọ́ náà. "Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ìyàwó ilé yìí wo ni kò mọ èèwọ̀ ilé yìí?" Ó yíjú sí mi. "Bi í léèrè. Kí ni ẹni tó pè lọ́kọ sọ fún un nípa ẹran yìí?"

Mo fi Faransé bi Màmá. Ó dáhùn tẹkúntẹkún. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: láti ọjọ́ tá a ti dé ni mo ti ń tún ọ̀rọ̀ Màmá ṣe kí n tó sọ ọ́ jáde. Bó bá ní ó ti rẹ òun, màá ní ó ń kí wọn kú ìtọ́jú. Lọ́jọ́ náà, mo ti mọ ohun tó yẹ kí n wí: kí n ní Bàbá sọ fún wa pé èèwọ̀ ni, Màmá ló gbàgbé. Irọ́ náà ti dé ẹnu mi. Òótọ́ lojú ń tì mí láti sọ. Ta ló ń sọ̀rọ̀ ètè wíwú níwájú àwọn àgbà tínú ń bí? Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti gba gbogbo agbára lára mi, mi ò lókun láti tún ohunkóhun ṣe mọ́. Mo sọ ọ́ bí Màmá ṣe sọ ọ́. "Ó ní bàbá wa ní bóun bá jẹ ẹ́, ètè òun máa ń wú."

Ẹnìkan pòṣé. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n Bàbá kò pariwo mọ́. "Kí ló ń wú?"

"Ètè rẹ̀, sà."

"Tòkè àbí tìsàlẹ̀?"

Mo bi Màmá. "Tìsàlẹ̀," ni mo wí. "Ó ní ó máa ń fi ìka kàn án bó bá ń sọ ọ́."

Bàbá náà rọra jókòó. Ó ní ilé ìwé àwọn Fáda lòun àti àbúrò òun jọ lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé. Bí wọ́n bá se ọ̀yà, ojú máa ń ti àbúrò òun láti sọ níwájú àwọn olùkọ́ pé èèwọ̀ ilé àwọn ni, kí wọ́n má baà pè é ní kèfèrí, ló bá ń purọ́ pé ètè ìsàlẹ̀ òun ń wú. Òun nà án nítorí irọ́ yẹn, kò jáwọ́. Kò sẹ́lòmíràn nínú yàrá náà tó gbọ́ ọ rí. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i! Ẹlẹ́tàn ì bá ti béèrè èèwọ̀ ilé kó tó wọlé."

Mo ti yíjú sí Màmá láti sọ fún un pé wọ́n ti gbà wá, mo ti ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n Bàbá ká ọwọ́ lérí, tó bú sẹ́kún. Mi ò tíì rí i kí àgbà ọkùnrin sunkún bẹ́ẹ̀ rí. "Òótọ́ ni wọ́n ń sọ! Àbúrò mi wà nínú ogun! Ìyàwó mi, má bínú. Èmi ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ́ òpùrọ́. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ òpùrọ́, a jẹ́ pé àbúrò mi wà níbi tó wà, ó ń jẹun, ó ń sùn." Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ láìyọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Màmá nu ojú rẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n fún wa ní yàrá méjì lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n Bàbá rán èèyàn lọ sí Àbíjáàn lẹ́ẹ̀mejì, ó fúnra rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, wọn ò rí Bàbá, wọn ò sì rí ìyá Màmá. Ẹ̀gbọ́n Bàbá náà ti dolóògbé báyìí. Màmá ń sọ Èkìtì débi pé àwọn ọmọ mi ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì ń bínú sí wọn pẹ̀lú èdè yẹn kan náà.

Nọ́ọ̀sì ni mí l'Adó yìí. Iṣẹ́ mi a máa mú kí n sọ fún èèyàn pé ẹni wọn ti lọ. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á yarí. Wọ́n á ní irọ́ ni mò ń pa, kì í ṣe èèyàn tàwọn, kí n lọ wo orúkọ dáadáa. Wọ́n á bú mi tìyá tìyá. Inú a máa bí àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ní kí n fi wọ́n sílẹ̀. Mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀. Mo máa ń fa àga fún wọn, màá padà lọ wo orúkọ tí mo ti wò lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò sì ní í tètè dé.