Nígbà Tí Iyọ̀ Sọ Adùn Nù Lẹ́nu Mi

Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù l'Ábújá, Orozo là ń gbé, èmi, ọkọ mi àti àwọn ìbejì wa. Kugbo la ti ń ṣiṣẹ́: ọkọ mi ń kan àga, èmi ń fi aṣọ bò ó.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè kan, mo se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ọkọ mi jẹ òkèlè kan, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ìyá Ìbejì, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

Ó ní iyọ̀ ti pọ̀ jù. Mo tọ́ ọ wò, bí omi lásán ló rí lẹ́nu mi. Mo wo àwọn ọmọ. Omi ni wọ́n ń mu, wọn ò wò mí lójú. Mi ò mọ ẹni tí ǹ bá gbà gbọ́, àwọn ni tàbí ahọ́n mi.

Láti ìgbà náà, gbogbo oúnjẹ di ọ̀kan náà. Omi pàápàá ń ṣe bí irin lẹ́nu mi. Mo rò pé ìṣó kéékèèké tí mo máa ń há sẹ́nu níbi iṣẹ́ ló fà á, ni mo bá jáwọ́ ńbẹ̀. Kò yí padà. Oníkẹ́míìsì ní ibà ni, mo lo oògùn ibà tán. Ọkọ mi ní bóyá oyún ni. A yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí oyún. Mo wá ń bi ara mi bóyá orí mi ló ń dàrú.

Ẹsẹ̀ tó wú ló gbé mi dé ọsibítù. N kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ oúnjẹ, torí n kò kà á sí àìsàn. Dókítà, obìnrin kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, fi ìka tẹ ẹsẹ̀ mi, ó wá bi mí pé, "Mà, ṣé oúnjẹ ṣì ń dùn lẹ́nu yín?"

Mo yíjú sí ọkọ mi, mo rò pé ó ti lọ sọ fún un. Òun náà ń wò mí.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ mi wò. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí n kò mọ̀ pé mo ní ti ń ba kíndìnrín mi jẹ́. Dókítà ní ìdọ̀tí tó yẹ kí kíndìnrín fọ̀ kúrò ló ń dúró sínú ẹ̀jẹ̀, tó sì ń ba ẹnu jẹ́. Mo gbọ́, àmọ́ kò yé mi bí ohun tó wà lẹ́yìn ìbàdí ṣe lè dé orí ahọ́n. Ó tún ní kí n dín iyọ̀ kù, èmi tí mo ń wá iyọ̀ kiri.

Mo ń lo oògùn, ọkọ mi ló wá ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ẹsẹ̀ mi tó wú lọ sílẹ̀. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, mo jẹ máńgòrò kan lẹ́nu ọ̀nà wa, adùn rẹ̀ sì yọ díẹ̀. Mo mú òmíràn kí n fi mọ̀ bóyá irọ́ ni ahọ́n mi tún ń pa.