Nehemiah àti Afárá Onírin Lokogoma

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi tó gbogbo ènìyàn létí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó tọ́, pé Ọ̀gbẹ́ni Nehemiah a máa ná ọjà tí kò fẹ́ rà. Á dúró ti onípọ̀nmọ́, á ná an títí onítọ̀hún á fi gbà, á wá ní, "O ṣé, mo kàn fẹ́ mọ ohun tí ọjà ń sọ ni." Obìnrin kan ti da omi pọ̀nmọ́ sí i lẹ́sẹ̀ rí ní ọjà Apo nítorí ẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni. Ìjọba ló ń sanwó oṣù rẹ̀ láti ìgbà tó ti kúrò ní ilé ìwé, ìjọba ló yá a lówó tó fi ra mọ́tò. Inú mọ́tò yìí ló ti máa ń ṣàlàyé fún ẹni tó bá gbé pé ìjọba ò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ ajé ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ẹ́sítéètì wọn ní Lokogoma, ó sì gba orí kòtò ọ̀gbàrá kọjá. Nígbà tí ọ̀gbàrá gbé afárá ibẹ̀ lọ, Fèyí, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé, sọ nípàdé pé kí wọ́n kọ̀wé sí ìjọba.

"Ìjọba wo?" ni Nehemiah wí. "Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjà. Ẹni tó bá rí èrè níbẹ̀ á ti kọ́ ọ tán kí ìjọba tó rí bírò."

"Tí onítọ̀hún bá wá ń rẹ́ wa jẹ ńkọ́?"

"Màdáámù, iye tí èèyàn bá fẹnu ara rẹ̀ gbà láti san kì í ṣe ìrẹ́jẹ. Kí ẹnikẹ́ni má bá ọlọ́jà dá iye lé ọjà rẹ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Akínjídé, wẹ́dà ọmọ Ìkirè tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà létí kòtò náà, ò ráyè pàtẹ́wọ́. Ó ti lọ ń wọn irin. Kò pẹ́ tí afárá onírin fi dúró, mọ́tò kan lẹ́ẹ̀kan, kálukú á sanwó fún Akínjídé kó tó kọjá. Nehemiah ni wọ́n ní kó wá gé ríbọ́ọ̀nù.

Òjò ńlá kan ń rọ̀ lọ́jọ́ tí èémí Màmá Nehemiah, tó wá kí wọn láti Ọmúò, bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Nehemiah gbé ìyá rẹ̀ sí ẹ̀yìn mọ́tò, ó dorí kọ ọsibítù.

"Ọ̀gá, ẹ kú òjò," ni Akínjídé wí lẹ́nu afárá. "Ìlọ́po mẹ́ta ni lónìí."

"Akin, màmá mi ló ń kú lọ lẹ́yìn mọ́tò yìí."

"Mo rí wọn. Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o."

"Gba ìlọ́po méjì."

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Àwọn tó wà lẹ́yìn yín ò ná an."

Lóòótọ́, jíìpù kan tó ń lọ síbi ìkómọ ti na ìlọ́po mẹ́rin jáde lójú fèrèsé. Akínjídé fọwọ́ pè é, ó kọjá. Nehemiah wá gbà láti san ìlọ́po mẹ́ta.

"Ẹ má bínú, ọjà ti kúrò níbẹ̀."

"Neemáyà," ni ìyá rẹ̀ wí lẹ́yìn, wẹ́rẹ́, "san án fún un."

"Màmá, ẹ fara balẹ̀. Ó máa dín in."

Ó dín in lóòótọ́, nítorí Akínjídé bẹ̀rù Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n nígbà tí mọ́tò fi máa kan òdì kejì, Màmá ò mí mọ́.

Nehemiah fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé sí ìjọba. Ìjọba sì dé, ẹ má purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ìlà sára irin, wọ́n ní ẹni tó ń gbowó lórí ilẹ̀ ìjọba gbọ́dọ̀ máa san tiwọn. Akínjídé san án, ó fi í lé owó afárá, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ní Sátidé ìsìnkú, mọ́tò òkú gbé Màmá bọ̀ wálé fún ìsìn ìdágbére. Akínjídé ti wọ dúdú, ó dúró lẹ́nu afárá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Nehemiah, ó kẹ́dùn, omi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sún mọ́ ọn létí.

"Ọ̀gá, mọ́tò èrò níye tirẹ̀, mọ́tò ẹrù níye tirẹ̀. Ti ẹrù ló wọ́n jù. Mi ò fẹ́ rẹ́ yín jẹ, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ èyí tó jẹ́ ti Màmá."

Nehemiah wo pósí, ó wo àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó tò sẹ́yìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọjà, èwo ni kó san?