Ilẹ̀kùn Tí Mo Fò

Ní agboolé àwọn ọkọ mi ní Sabon Gari, ní Zaria níbí, ìyàwó ilé gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí gbogbo ilẹ̀kùn láràárọ̀ kó tó fọwọ́ kan ìgbálẹ̀. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ni: ti ìyá ọkọ mi, ti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì, àti ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí mò ń pè ní Àǹtí. Mẹ́ta ni mò ń kí. Tí mo bá dé ti Àǹtí, mo máa ń gbójú sápá kan kọjá ni.

Ohun tó ṣe fún mi kò kéré. Nídìí ẹ̀rọ omi, lójú gbogbo aládùúgbò, ló ti sọ pé èmi tí mo gba F nínú ìṣirò lẹ́ẹ̀mejì, kí ni mo fẹ́ fi kọ́ ọmọ. Kò sì parí síbẹ̀. Ó lọ bá ọkọ mi pé bí ọmọbìnrin mi, tó wà ní JSS1, bá tún féèlì ìṣirò ní táàmù yẹn, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun tó jẹ́ tíṣà n'Ílọrin. Ọkọ mi gbà. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí o. Mo búra nínú mi pé ojú obìnrin yìí á já a.

Mo bá gbé ìwé ìṣirò ọmọ mi, mo ń dá kà á nídìí ìkòkò kunu. Ibi tó ti ń kọsẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: àkámọ́. Tí wọ́n bá kọ 4(y + 3), 4y + 3 ló máa kọ sílẹ̀ dípò 4y + 12. Mẹ́rin á mú y nìkan, á fi mẹ́ta sílẹ̀. Tíṣà tèmi nà mí lórí nǹkan yìí kan náà, kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi rí.

Mo rò ó títí, mo wá pe ọmọ mi.

"Wò ó, àkámọ́ yìí, agboolé ni. Nọ́ńbà tó dúró síta yìí, ìyàwó ilé ni. Tó bá ti wọlé, gbogbo ilẹ̀kùn ló máa kí. Kò gbọdọ̀ fo ìkankan."

Ó fi bírò họ orí, ó wò mí. Háúsá ló máa ń yá a lẹ́nu, àmọ́ Yorùbá ló fi gún mi lọ́jọ́ náà.

"Mọ́mì, ẹ̀yin ń fo ti Àǹtí."

"Èmi kì í ṣe nọ́ńbà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó tún kọ 4y + 3.

Ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Láràárọ̀ ló ń rí i pé èèyàn lè fo ilẹ̀kùn kan kí ilé má wó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fà á lọ́wọ́, a kí àwọn mẹ́ta, a dé ẹnu ọ̀nà Àǹtí, mo kúnlẹ̀. Ó dà bíi pé orí ẹyín iná ni mo kúnlẹ̀ sí. Ó jẹ́ kí n pẹ́ nílẹ̀ dáadáa kó tó dáhùn. Ó rò pé ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ nítorí ọmọ.

Ó ní, "Ó dáa tó o ti mọ̀wọ̀n ara ẹ."

Mo ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí." Nínú mi, ohun tí mò ń sọ ni mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta, méjìlá. Méjìlá, ìwọ obìnrin yìí.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ títí ìdánwò fi parí. Bí mo bá ti ń dìde ní ẹnu ọ̀nà kan, ọmọ mi á rọra sọ lẹ́yìn mi pé ìyẹn ti gba tiẹ̀.

Èsì dé, ó yege. Ọkọ mi wo ìwé náà síwá sẹ́yìn, ó ní ọmọ ò lọ ibì kankan mọ́. Mo gbá ọmọ mi mọ́ra títí ó fi ní òun ò lè mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí ti gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ìkúnlẹ̀. Mo kí àwọn mẹ́ta. Mo wá rọra wọ́ sílípáàsì kọjá níwájú rẹ̀ kó lè gbọ́ ọ dáadáa, mo gbé ìgbálẹ̀.

Ọmọ mi sáré tẹ̀lé mi. "Mọ́mì, ẹ ti fo ọ̀kan."

Mo ní kó máa bọ̀, iléèwé ti gba họlidé.