Ìjà Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ Nínú Ilé Wa

Àjàní, ọkọ mi. Àjàní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, adúmáadán, káfíńtà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ké. Àjàní tí í ti rẹ́rìn-ín tán kí á tó mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Baba Àbẹ̀ní, baba Àkànbí, ọkọ Àṣàbí. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánńà kẹ́ ẹ.

Mo rántí orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, títí kan àwọn tó kàn kí wa lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n n kò ní kọ ọ́ síbí. Oríkì tó.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ló bẹ̀rẹ̀. Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí. Ọ̀yọ́ náà ni Àjàní ti wá kọ́ṣẹ́, tó ti rí mi, tí a sì kọ́lé sí. Àbẹ̀ní, àkọ́bí wa, ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Àkànbí, àbúrò rẹ̀, ń wa ọkọ̀ ní Niu Yọ́ọ̀kì. Àwọn méjèèjì jọ pè wá lórí fóònù, wọ́n sì gbàgbé wa síbẹ̀, wọ́n ń bára wọn jà.

Àkànbí ní, "Àǹtí, abúlé ni Lọ́ńdọ̀nù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo wà. Bí ẹ bá ní kí ẹ wo orí ilé wa, ọrùn á dùn yín."

Àbẹ̀ní ní, "Ilé gíga kọ́ ni ìlú. Wo bí ìlú méjèèjì ṣe tóbi tó nínú fóònù rẹ, kí o kà á sókè kí Bàbá gbọ́."

Àkànbí wò ó. Ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, èèyàn tiwa àti tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tiwọn tó tiwa lọ́nà méjì."

"Ó parí," Àjàní dáhùn. "Lọ́ńdọ̀nù ló tóbi jù. Ilẹ̀ la fi ń mọ ìlú. Bí Ògbómọ̀ṣọ́ náà ṣe ju Ọ̀yọ́ lọ nìyẹn."

Ẹnì kankan kò dárúkọ Ọ̀yọ́. Mo gbé ẹ̀wà tí mo ń ṣà sílẹ̀. "Bàbá Àbẹ̀ní, èèyàn ni ìlú. Ilẹ̀ tí èèyàn ò sí, ẹ máa pè é ní igbó."

"Ó dáa, ká wọ̀n ọ́n. Ìlú tó bá tóbi jù ni wọn ó sin ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ nínú àwa méjèèjì sí. Ìkejì á sì wá bá a níbẹ̀."

Àwọn ọmọ ní kí ó má sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ti gbà kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lọ́kàn mi. Mo mọ̀ pé bí nǹkan bá ṣe é, àwọn ará ilé rẹ̀ á wá gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, èmi nìkan á sì kù sí Ọ̀yọ́. Ẹ̀yìn ilé wa ni mo fẹ́, níbi tí mo ti lè yọjú sí i láràárọ̀.

Téèpù ò lè wọn ìlú, nítorí náà màṣíìnì rẹ̀ la gùn, pẹ̀lú àwọn nọ́ńbà tó ń yí níwájú rẹ̀ bó ṣe ń rìn. A bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà Ìbàdàn, a la Ọ̀yọ́ já títí dé ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fi báírò kọ nọ́ńbà sí àtẹ́lẹwọ́. Lọ́jọ́ kejì, a gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Ní Tákié, láàárín ìlú, ó dúró kí èèyàn mẹ́fà. Kò burú, ìdúró kì í yí nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó yà wọ Sábó.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Kílíṣí ni mo fẹ́ rà."

"Nọ́ńbà ń yí o, Bàbá Àbẹ̀ní."

"Sábó ò sí nínú Ògbómọ̀ṣọ́ ni?"

A dé ọ̀nà Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ sì fi díẹ̀ ju Ọ̀yọ́ lọ. Mo ní kílíṣí ló jù wá lọ, ìlú kọ́. Ó ní mo tiẹ̀ yẹ kí n dúpẹ́ pé òun ò ka Ìrẹsà tó wà nítòsí mọ́ ọn. Mo ní bó bá ka Ìrẹsà, èmi á ka Awẹ́ àti Ìlórà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀yọ́. Mo jẹ nínú kílíṣí náà ṣá.

Ó wá ku èèyàn. Nílé tèmi àti nílé tirẹ̀, a kì í na ìka sí ọmọ ènìyàn kà. Àjàní ronú bíi káfíńtà, ó ní ilẹ̀kùn la ó kà. Ó ka ti àdúgbò kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti kan èyí tó pọ̀ jù, ó sì wá ka ti àdúgbò bàbá mi ní Ọ̀yọ́. Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wa lọ́nà mẹ́rin. Ó ń fò sókè bí ọmọdé.

Mo ní, "Ilé alájà tí ẹ ka ilẹ̀kùn mẹ́rìnlá fún yẹn, ta ló ń gbé ibẹ̀?"

Ó ronú. "Alájì àti ìyàwó rẹ̀."

"Agboolé bàbá mi tí ẹ ka mẹ́ta fún ńkọ́?"

Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó fẹ́ kà wọ́n. Ó rántí èèwọ̀. "Wọ́n pọ̀," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Síbẹ̀ kò gbà. Ó ní bí òjò bá dá, a ó tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n.

Inú òjò yẹn ni àìsàn dé. Àwọn ọmọ ń pè lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kan, mo ń fi omi gbígbóná nù ún lẹ́sẹ̀, ó ní kí n gbé fóònù sún mọ́ òun. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ o. Ọ̀yọ́ ló tóbi jù. Mo ti gbà fún ìyá yín." Mo wo ojú rẹ̀. Kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ rárá. Èmi ló ń wò.

Ìdájí Ọjọ́bọ̀ ló lọ. Kí oòrùn tó mú, Àlàó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti gbé bọ́ọ̀sì dé láti Ògbómọ̀ṣọ́.

"Ìyàwó, ẹ kú ara fẹ́ra kù. A wá gbé e lọ sílé."

Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn.

"Ọ̀yọ́ tóbi ju Ògbómọ̀ṣọ́? Àjàní ló sọ bẹ́ẹ̀?" Wọ́n mi orí. "Àìsàn yẹn le lóòótọ́."

Ẹkún ń bọ̀ lójú mi, ẹ̀rín ló jáde. Wọ́n pe Àkànbí lórí fóònù. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Èmi àti Àǹtí la jọ gbọ́ ọ." Wọ́n jókòó. Wọ́n wá ní, "Ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ gbẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń bọ̀, kí Ọ̀yọ́ yín wá àyè sílẹ̀."

Wọ́n dé lóòótọ́. Ọkọ̀ kún ojúde wa, ó kún títì, àwọn èèyàn dúró sínú oko àgbàdo aládùúgbò. Àfáà ní láti pariwo kí wọ́n tó gbọ́ àdúà lẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, a sin Àjàní sí ẹ̀yìn ilé wa ní Ọ̀yọ́.