Wọ́n Ní Láìnì Ti Ẹngéèjì

Àríkẹ́ aránṣọ ń gbé nílé Àǹtí Mabel, tíṣà kan ní Yábà. Kàdúná ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan ní 1974, Àǹtí Mabel gbà kó fi tẹlifóònù òun pè é. Òṣìṣẹ́ tó ń bá wọn so wáyà ní láìnì ti ẹngéèjì.

Àyà Àríkẹ́ já. Aṣọ ìdána ló ń rán. Ẹnu àwọn oníbàárà rẹ̀ ló ti mọ ẹngéèjì.

"Àǹtí, ta ni ọkọ mi fẹ́ gbé?"

Àǹtí Mabel rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Kò fẹ́ ẹnì kankan! Ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀ lórí láìnì. Ṣé o mọ̀ pé ọmọge tí wọ́n ti dána rẹ̀, ẹlòmíràn ò lè wá kọnu sí i mọ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà."

Àríkẹ́ ronú. "Tí wọ́n bá wá sọ̀rọ̀ tán ńkọ́, ṣé wọ́n á dá ẹrù ìdána padà ni?"

Àǹtí Mabel tún kú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n pè lẹ́ẹ̀kejì, ohùn ọkọ rẹ̀ wọlé ketekete. Kó tó béèrè àlàáfíà ilé, Àríkẹ́ ti bẹ̀rẹ̀: "Bàbá Mobọ́lá, ẹ wá gbọ́ ohun tí Òyìnbó ń pè ní ẹngéèjì!"